Bí ẹ ṣe lè dá ẹ̀sìn kan àti ìtàn òrìṣà rẹ̀ sílẹ̀ fún eré D&D

Nínú D&D, ìyẹn Dungeons & Dragons, eré ìdí tábìlì tí àwọn òṣèré ń fi ẹnu sọ ìtàn, tí wọ́n sì ń da dáìsì, ọ̀pọ̀ DM (Dungeon Master, ẹni tó ń darí eré) ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn ayé àfinúdá wọn láti òkè ọ̀run. Wọ́n á to orúkọ òrìṣà méjìlá sílẹ̀, ti ogun, ti òjò, ti ikú, ti ọjà. Wọ́n á sọ ẹni tó bí ta ni àti ẹni tó gba ìyàwó ta ni. Wọ́n á tún fi odindi ọ̀sẹ̀ ya àmì oníkálukú wọn. Ọjọ́ tí eré bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyá tó bí òrìṣà ogun. Ohun tí àwọn òṣèré ń béèrè ni pé: ṣé wọ́n lè gbà wá sùn ní ojúbọ yẹn? Kí ló dé tí ìyá arúgbó yẹn fi tutọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ odò? Ta la ṣẹ̀ báyìí? Inú ìdáhùn sí irú ìbéèrè wọ̀nyí ni ẹ̀sìn ń gbé nídìí tábìlì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ìlú kan, ẹ̀rù kan, èèwọ̀ mélòó kan.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀sìn ti wà nínú eré yìí. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé D&D jáde ní 1974, irú ẹ̀dá mẹ́ta ni òṣèré lè yàn: jagunjagun, onídán, àti àwòrò tí wọ́n ń pè ní cleric. Ṣùgbọ́n nídìí ọ̀pọ̀ tábìlì, àwòrò ti di nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n ń ké sí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. RuneQuest, eré mìíràn tó jáde ní 1978, tí wọ́n gbé ka Glorantha, ayé tí Greg Stafford dá, ló ṣe é dáadáa jù lójú tèmi. Níbẹ̀, òrìṣà tí èèyàn ń sìn ló ń sọ idán tó máa mọ̀, àwọn tó máa gbè é lẹ́yìn, àti gbèsè tó jẹ. Ọ̀nà yẹn ni a ó tọ̀, ìlànà eré yòówù kí ẹ máa lò.

1. Ẹ yan ìlú kan àti ohun tó ń bà á lẹ́rù

Ẹ má dá ẹ̀sìn fún gbogbo ayé. Ẹ dá a fún ìlú tí àwọn òṣèré máa wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì bi ara yín pé: kí ló lè pa ará ìlú yìí tí agbára wọn kò ká? Ìtòsí ohun yẹn ni òrìṣà wọn wà. Apẹja kì í fi òrìṣà odò sílẹ̀ lọ bọ ti oko.

Àpẹẹrẹ tí màá lò délẹ̀ nìyí. Ìdí-Ọkọ̀ ni orúkọ ìlú náà, etí odò Ọ̀gbàrà ló wà. Odò yìí fẹ̀, afárá kò dúró lórí rẹ̀ rí, omi rẹ̀ sì máa ń kún lóru láìsí òjò. Ìlú Òkè-Odò wà ní ìhà kejì. Iyọ̀ àti irin wà lọ́hùn-ún, ọkà wà níhìn-ín, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe é kó má wọ ọkọ̀. Àwọn atukọ̀ ló wá rí bí ọba, ọba gan-an ń bẹ̀ wọ́n. Mi ò tíì dárúkọ òrìṣà kankan, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, ẹ sì ti mọ ẹni tó ń jẹ lára ìbẹ̀rù náà.

2. Èèwọ̀ ló ṣáájú ìtàn

Ẹ kọ́kọ́ kọ èèwọ̀, torí òun ni òṣèré lè fọwọ́ kàn. Ẹ má kọ ju mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá kọ mẹ́wàá, ẹ̀yin gan-an á gbàgbé méje. Ti Ìdí-Ọkọ̀ nìyí:

A kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí omi.
Ọkọ̀ kì í ṣí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.
A kì í jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn. Èrò ìbáà pọ̀ bí eṣú, ìjókòó yẹn á ṣófo.

Èèwọ̀ tó wúlò ni èyí tí àlejò lè jẹ láìmọ̀. “Má pa àwòrò” kò wúlò níbí, òfin lásán ni, ẹni tó bá rú u ti mọ ohun tó ń ṣe. Ti ìjókòó ńkọ́? Ẹ wò ó. Àwọn òṣèré mẹ́rin wọ ọkọ̀. Jagunjagun wọn síngbọnlẹ̀, ìrìn ti sú u, ó ní, “Mo lọ jókòó sẹ́yìn.” Ẹ má sọ fún un pé èèwọ̀ ni. Ẹ má da dáìsì. Ẹ kàn sọ pé atukọ̀ gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé itan, kò wà á mọ́. Obìnrin tó gbé adìẹ dání yíjú sí omi. Ọmọdé kan ní, “Màámi, òun ni wọ́n ń dúró dè?” ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ bó ṣe wù ú. Kí ẹ wá dákẹ́. Òṣèré tó jókòó yẹn fúnra rẹ̀ ló máa béèrè pé kí ni òun ṣe, ó sì ti wọnú ẹ̀sìn yín láìjẹ́ pé ẹ ka ìwé kankan sí i létí.

Ìjìyà èèwọ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ èèyàn wá. Atukọ̀ kankan ò ní gbé wọn mọ́. Oníyọ̀ á sọ ọjà di ọ̀wọ́n fún wọn. Onílé tó fẹ́ gbà wọ́n á ní yàrá òun ti kún. Tí òrìṣà bá máa dá sí i, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó lásán ni. Ètùtù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí wọ́n lè ṣe nínú eré: ẹni tó jókòó á wa ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìgba kọ́bọ̀, kò sì ní sọ orúkọ ara rẹ̀ fún èrò kankan. Iṣẹ́ ọjọ́ kan yẹn lè fún yín ní èèyàn mẹ́fà tí wọ́n á bá pàdé, tí ọ̀kan nínú wọn ní àṣírí.

3. Ẹ wá ìdí èèwọ̀, ìdí yẹn ni ìtàn

Ilé wa níbí la ti lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu. Bí ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á sọ bí Olódùmarè ṣe rán Ọbàtálá wá dá ilẹ̀, bó ṣe mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ ayé, odindi, agbè ẹmu kan ló so ó mọ́ ohun tí ẹnì kan ń mu àti ohun tí kì í mu lónìí. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

Ìtàn Òṣogbo tún kọ́ wa ní ọ̀nà mìíràn. Láròóyè àti ọdẹ tí ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn ń wá ibi tí omi wà fún àwọn èèyàn wọn. Wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Wọ́n bẹ Ọ̀ṣun, wọ́n bá a dá májẹ̀mú: òun á dáàbò bò wọ́n, àwọn á máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí Arugbá fi ń ru igbá lọ sódò nínú oṣù Kẹjọ títí dòní, tí igbó tó wà létí odò náà fi dúró, tí UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ wo oríkèé rẹ̀: àìní, àṣìṣe, ẹjọ́, májẹ̀mú. Bí ẹ bá ń dá ìtàn tí ọwọ́ yín kò sì yá, ẹ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tẹ̀ léra. Májẹ̀mú ló dára jù nínú wọn fún eré, torí ẹnì kan lè já a, lọ́jọ́ tí àwọn òṣèré bá wà nítòsí.

Nígbà tí ẹ bá kọ ìtàn, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń pa á fún ọmọdé létí omi. Kò gbọdọ̀ gùn ju ohun tí ẹ lè sọ láìmí kanlẹ̀ lọ. Kí nǹkan tó ṣeé rí pọ̀ nínú rẹ̀, kí àlàyé má sí. Báyìí ni atukọ̀ Ìdí-Ọkọ̀ ṣe ń sọ ọ́:

“Ogun dé ní ọ̀sán gangan. Obìnrin kan wà, Ajítukọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ni ogun kò tíì jó. Ó kó ọmọdé lọ, ó padà. Ó kó aláboyún lọ, ó padà. Ó kó arúgbó lọ, ó padà. Oòrùn ti ń wọ̀, ogójì èèyàn ṣẹ́kù létí omi, ọkọ̀ kò gbà ju ogún. Ó ní, ‘Kí ogún wọlé, màá padà wá mú ogún.’ Ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó dúró. Ilẹ̀ ṣú. Omi kún. Àwọn tó dúró ń pe orúkọ rẹ̀ lórí omi títí ohùn wọn fi há. Láti ọjọ́ náà a kì í pe orúkọ lórí omi, torí orúkọ ẹni yòówù kí o pè, òun ló máa jẹ́ ọ. Láti ọjọ́ náà a kì í gba ìjókòó ẹ̀yìn, torí ti ọmọ rẹ̀ ni.”

Ẹ fetí sí i dáadáa: atukọ̀ kò sọ bóyá ó padà.

4. Ẹ jẹ́ kí ìtàn náà ní ẹnu méjì

Ìtàn tí gbogbo ìlú fohùn ṣọ̀kan lé lórí kì í bí nǹkan kan. Ní Ọ̀yọ́, àwọn kan ní Ṣàngó pokùnso. Àwọn tó ń sìn ín ní irọ́ ni, Ọba kò so. Ní ti Odùduwà, ìtàn kan ní ẹ̀wọ̀n ló fi rọ̀ wá sí Ifẹ̀ láti ọ̀run, òmíràn ní láti Mẹ́kà ló ti wá. Àwọn ará Kírétè àtijọ́ ń fi ibojì Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, hàn ní erékùṣù wọn, àwọn Gíríìkì yòókù sì ń pè wọ́n ní onírọ́, torí lójú tiwọn, Zeus kì í kú. Ẹ ò rí i pé ibi tí ẹnu kò ti kò yẹn gan-an ni àwọn èèyàn máa ń gbé ọkàn lé jù?

Ní Òkè-Odò, ọmọ àwọn tó gúnlẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n ní Ajítukọ̀ padà, omi dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó di odò, ó sì ń bọ̀ títí di òní. Kíkún tí omi ń kún lóru, òun ló ń wa ọkọ̀. Lálẹ́ ọdún rẹ̀, wọ́n á tan fìtílà sí gbogbo etí omi kó lè rí ọ̀nà. Ní Ìdí-Ọkọ̀, ọmọ àwọn tó ṣẹ́kù tí ogun kò pa tán ni wọ́n. Wọ́n ní kò padà. Wọ́n ní ó jókòó lọ́hùn-ún, ó ń yáná. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n á pa gbogbo iná ìlú, kó má baà rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń bọ ní tiwọn.

Ìlú méjì, òru kan, iná lápá kan, òkùnkùn lápá kejì. Ẹ ti rí ìrìn-àjò kan gbà níbẹ̀: ẹnì kan tan iná ní Ìdí-Ọkọ̀ lóru ọdún. Ta ni? Kí ni ó gúnlẹ̀?

Ìbéèrè tó máa ń dìde ni bóyá ó yẹ kí DM mọ òótọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ má pinnu ẹni tó jàre. Fún àpẹẹrẹ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi fà, ọkọ̀ àtijọ́ kan yọrí nínú iyanrìn láàárín odò. Imú rẹ̀ kọjú sí Ìdí-Ọkọ̀, nítorí náà ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àpò wúrà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì wúwo tó láti ri ọkọ̀. Kí ẹ wá gbé e fún wọn, kí ẹ wo bí wọ́n á ṣe bá ara wọn jiyàn. Bí àríyànjiyàn yẹn bá gba gbogbo àkókò eré, ẹ má dá wọn dúró.

5. Ẹ ka ọfọ̀ àwòrò kí ẹ tó parí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn àfinúdá ti ń fọ́. DM á kọ ẹ̀sìn tó kún fún iyè méjì, kó tó mọ̀, àwòrò inú eré á pe òrìṣà lórí fóònù, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà ti sọ ohun tí ẹ̀sìn lè ṣe. Iṣẹ́ yín ni láti wo ohun tí ìyẹn máa sọ ìlú dà. Ẹ̀dà karùn-ún D&D ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Raise Dead ń jí òkú tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, dáyámọ́ńdì tó tó owó wúrà 500 ló ń jẹ. Tóò, kí ni ìsìnkú máa rí ní irú ayé bẹ́ẹ̀? Olówó á máa padà, tálákà á lọ pátápátá. Ó ṣeé ṣe kí ìlú máa dúró di ọjọ́ kọkànlá kí wọ́n tó sunkún. Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó padà? Àwa mọ àkúdàáyà, ẹni tó kú tó tún lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó máa pòórá bí ará ilé bá rí i. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba èèyàn. Ní Ìdí-Ọkọ̀, mo ní kí ẹni tó bá ti kú rí máa jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nígbàkígbà tó bá wọ ọkọ̀, tipátipá. Ẹ rántí jagunjagun wa. Bó bá kú nínú ihò, tí wọ́n jí i, tí wọ́n sì padà dé odò, atukọ̀ kan náà tó gbé àjẹ̀ lé itan níjọ́sí ló máa na ọwọ́ sí ẹ̀yìn pé kó lọ jókòó.

Speak with Dead ń jẹ́ kí wọ́n bi òkú ní ìbéèrè márùn-ún, ṣùgbọ́n òkú náà gbọ́dọ̀ ní ẹnu. Ẹ fi gbólóhùn yẹn dá àṣà: àwọn atukọ̀ máa ń yọ egungun àgbọ̀n òkú wọn kí wọ́n tó sin ín, wọ́n ní ọlá ni. Òṣèré tó bá mọ ìwé ìlànà á ta kìjí nígbà tó bá gbọ́. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́?

Commune ló le jù. Àwòrò lè bi òrìṣà rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta tí ìdáhùn wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ìpele kẹsàn-án ni ọwọ́ àwòrò ń tó o, ó sì dá mi lójú pé wọ́n á béèrè pé, “Ṣé o padà?” Ìwé ìlànà fàyè gbà yín láti ní kò yé òrìṣà, bí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá ìmọ̀ rẹ̀. Ó tún gbà kí ẹ fi gbólóhùn kúkúrú dáhùn bí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ bá máa ṣi ni lọ́nà. Ẹ má fi èyí sá fún wọn. Wọ́n ti jìyà dé ìpele yẹn, ẹ fún wọn ní nǹkan. Ní tèmi, màá jẹ́ kí Ajítukọ̀ dáhùn pé, “Mo ṣì ń wà á.”

6. Oríkì, ìkíni, ìbúra

Èyí kò gba àkókò. Ìkíni: “Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ o.” Ìdáhùn: “Pẹ̀lú èrò rẹ̀.” Ìbúra: “Bí mo bá parọ́, kí n jókòó sẹ́yìn.” Ẹ kọ oríkì tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ, tí òṣèré àwòrò lè kọ́ sórí:

Ajítukọ̀, a-rí-òkùnkùn-má-sá,
Ó gbé ogún lọ, ogún ń wọ̀nà,
Abiyamọ tí í fi àjẹ̀ ṣe ìrọ̀rí,
Ẹni tó kù létí odò ló mọ bí òru ṣe gùn tó.

Ará Òkè-Odò kì í ka ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kà á níwájú wọn ti fi ilé rẹ̀ hàn.

7. Nígbà tí ẹ bá ń yá nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀sìn tó wà láàyè

Ẹ yá ìrísí, ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ní 1980, iléeṣẹ́ TSR tó ń tẹ D&D gbé ìwé kan jáde tó ka àwọn òrìṣà oríṣiríṣi ayé bí ẹranko igbó, tó fún wọn ní iye ẹ̀mí tí idà lè gé dínkù. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ fún Ṣàngó tàbí Ọ̀ṣun. Àwọn tó ń sìn wọ́n wà ní Òṣogbo, wọ́n wà ní Havana ní Kúbà, wọ́n wà ní Bahia ní Brazil, ọ̀kan lè jókòó sí tábìlì yín.

Ohun tó yẹ kí ẹ yá ni bí ẹ̀sìn ṣe ń yí padà lójú ọ̀nà. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé Ṣàngó dání, ó sì dé ibẹ̀ tán, ó wọ aṣọ pupa Santa Bárbara, obìnrin mímọ́ àwọn Kátólíìkì, tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ ní 4 Oṣù Kejìlá. Bí ìtàn eré yín bá gbé àwọn òṣèré lọ sí ìlú tó jìnnà, kí wọ́n bá Ajítukọ̀ níbẹ̀ ní ojú mìíràn: bóyá ọkùnrin ni, bóyá oníbodè ni, bóyá kò tilẹ̀ sí odò. Ìjókòó òfìfo tó wà nínú ilé òrìṣà rẹ̀ ni wọ́n á fi dá a mọ̀.

8. Ẹ gbé e dé tábìlì

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣèré bóyá ohun kan wà tí wọn kò fẹ́. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ló sábà máa ń wà nídìí tábìlì wa, àwọn mìíràn kò sì ní fẹ́ fi ẹnu ara wọn ké pe òrìṣà kankan, àfinúdá tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ pé, “Ẹ̀dá mi kúnlẹ̀, ó gbàdúrà,” ó sì tó.

Gbogbo ohun tí ẹ kọ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ má kà á fún wọn. Ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ lo èèwọ̀ kan àti ìkíni. Ìtàn lè dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè; bí kò bá sẹ́ni tó béèrè, èèwọ̀ yín ni kò ta wọ́n lára tó, ẹ tún un ṣe. Ẹnu kejì ìtàn náà, ọjọ́ tí wọ́n bá kọjá sí Òkè-Odò ni ẹ ó sọ ọ́, kó tó di pé wọ́n gbàgbé ti àkọ́kọ́.

Kí ẹ sì máa fi ìwé àti gègé sítòsí. Òṣèré kan á sọ lójijì pé ẹ̀dá òun fi ìka kan omi, ó fi kan ètè, kó tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má bi í pé níbo ló ti rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Nígbà tí wọ́n bá máa fi padà dé Ìdí-Ọkọ̀, kí ọmọdé mélòó kan ti máa ṣe é.